Ta Lọ̀gá Rẹ? Ìtàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ilé Kíkọ́ ní Ìlọrin

Ní Ìlọrin, onílé tó gbọ́n kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ bíríkìlà tó wá iṣẹ́ wá. "Ta lọ̀gá rẹ?" ló máa ń béèrè. Bí bíríkìlà bá dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ, onílé á ronú lọ sí ilé tí ẹni náà kọ́ ní Pàkátà tàbí ní Òkè-Lélé, á rántí bóyá ògiri ibẹ̀ là tàbí kò là, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà. Ẹni tí kò bá ní ọ̀gá tó lè dárúkọ, ṣọ́bìrì ni wọ́n máa nà sí i, kó lọ máa po yanrìn mọ́ símẹ́ńtì fún àwọn tó ní ọ̀gá.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́, mo ti jẹ́ ọ̀gá, mo sì ti di agbaṣẹ́ṣe tó ń gba èèyàn síṣẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń jèrè ẹ̀kọ́ṣẹ́ jù lọ kì í ṣe ọmọ tó kọ́ ọ, kì í sì í ṣe ọ̀gá tó gbowó lọ́wọ́ bàbá ọmọ. Ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ ni. Bí a bá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́lé nílùú yìí láti ayé amọ̀ títí dé ayé símẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba.

Ilé amọ̀

Ìlọrin tí Àfọ̀njá àti Shehu Àlímì gbé, tí Abdulsalami sì jẹ Ẹ́míà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ìlú ilé amọ̀ tí wọ́n fi koríko bò ni. Ẹni tó bá rò pé ilé amọ̀ kò ní ẹ̀kọ́ nínú, kó gbìyànjú kó gbé ògiri kan ṣoṣo ró. Ọ̀mọ̀lé á kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ tútù sí àtẹ́lẹwọ́, á fún un mọ́ra. Bó bá fọ́n ká, yanrìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ìka, ìgbà tó bá gbẹ ló máa là. Wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ mọ́jú, wọ́n á tún un tẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọn kì í jẹ́ kí ìpele kan ga ju orúnkún tàbí itan lọ kí wọ́n tó dúró dè é kó gbẹ. Ẹni tó bá kánjú gbé ìpele kejì lé èyí tó ṣì tutù, ògiri rẹ̀ á yọ ikùn nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọlé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi koríko bò ó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ ló ń kó àwọn èèyàn wá síbi iṣẹ́ náà. Ẹbí, àna, aládùúgbò, gbogbo wọn á dé, oúnjẹ á sì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín gbogbo ẹsẹ̀ tó ń tẹ amọ̀, ojú ọ̀mọ̀lé ló ń wo bí ògiri ṣe ń lọ. Ọmọ rẹ̀, tàbí ọmọ ẹbí tí wọ́n fi tì í, á bẹ̀rẹ̀ níbi títẹ amọ̀. Bó bá dàgbà díẹ̀, á máa mọ amọ̀ ní ìṣù, á máa jù ú sókè fún ẹni tó gun ògiri. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó ní kí òun náà gùn ún. Kò sí ẹni tó kọ ọdún tó máa lò sórí ìwé. Bàbá ló máa mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ ti tó, ará àdúgbò náà á sì mọ̀, nítorí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é.

Láyé ìgbà náà, oríṣiríṣi èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹrú wà, ìwọ̀fà sì wà. Ìwọ̀fà ń fi ara ṣiṣẹ́ dípò èlé owó tí ẹbí rẹ̀ yá. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà ni iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó sì lè jẹ́ pé bó ṣe wọlé ló ṣe jáde, láìmọ ohun tuntun kankan. Ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yàtọ̀. Ìmọ̀ ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ayé òde òní tó ń lo ọmọ iṣẹ́ bí ẹni tó yá a lówó, ìwọ̀fà ló ní. Kó má pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìbéèrè "ta lọ̀gá rẹ" fi bá ìlú yìí lára mu. Ìlú kéwú ni Ìlọrin. Alfa tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́rọ̀ lẹ́nu òun gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tí òun kéwú lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ẹni tí ẹni yẹn náà kéwú lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ kéwú ń gbé lọ́dọ̀ alfa, ó ń ṣiṣẹ́ fún un, ó ń gba ìmọ̀. Nígbà tí àwọn bàbá wa bá sì fẹ́ fi ọmọ sídìí iṣẹ́ ọwọ́, ètò kan náà ni wọ́n mọ̀: ọ̀gá kan, ìwà kan, ọdún díẹ̀, àti àdúrà lọ́jọ́ tó bá parí.

Kí ẹ lè mọ ohun tí ọmọ iṣẹ́ jẹ́ fún iṣẹ́, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ méjì nílùú yìí. Nígbà kan, Ìlọrin gbajúmọ̀ fún ìlẹ̀kẹ̀ lántànà, òkúta pupa tí wọ́n ń fi sùúrù lu ihò sí, tí wọ́n sì ń lọ̀ lórí òkúta títí á fi máa dán. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ láti òkè òkun gba ọjà, ọmọ ò wọlé kọ́ ọ mọ́. Bí àwọn àgbà ṣe ń kú ni iṣẹ́ náà ń bá wọn lọ. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda, Òkè-Lélé, náà rí abọ́ irin àti ike tó gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ṣì ń jókòó ti ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ìkòkò Dàda sì wà títí dòní. Ọjà lè ṣe iṣẹ́ ọwọ́ léṣe, àìsí ọmọ iṣẹ́ ló máa ń pa á.

Iná, ojú irin àti páànù

Ní oṣù Kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company tí George Goldie kó wá yìnbọn ńlá sí Ìlọrin. Iná ràn mọ́ orí ilé koríko, ọ̀pọ̀ ilé sì jó. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, àmọ́ amọ̀ àti koríko ni ìlú ṣì fi tún ilé kọ́ lẹ́yìn iná yẹn. Ìgbà tí ojú irin dé Ìlọrin ní 1908, lẹ́yìn tó ti dé Ìbàdàn ní 1901, ni ọ̀nà tó là fún ẹrù tó wúwo láti Èkó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló dé Jẹ́bà. Lára ẹrù tó gòkè wá ni páànù, símẹ́ńtì inú àgbá, ìṣó àti ilẹ̀kùn oníhinjì.

Páànù mú ìṣòro kan wá tí koríko kò mú wá rí. Koríko máa ń bo àṣìṣe: bí ògiri bá wọ́ díẹ̀, ẹni tó ń bo ilé á fi koríko dí i. Páànù gún, igun rẹ̀ sì dọ́gba, ilé tí kò bá ní igun tó dọ́gba á tú àṣírí ara rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Bí ẹni tó ń kọ́lé ṣe gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fa igun nìyẹn. Títí di òní olónìí, okùn ni a fi ń ṣe é: wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan, wọn 4 sí apá kejì, bí ọ̀nà àárín wọn bá ti jẹ́ 5 géérégé, igun rẹ gún. Mo mọ bíríkìlà tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ tó ń lo 3, 4, 5 yìí láìṣì í rí. Ẹnì kan ló fi okùn yẹn hàn án. Kò kà á nínú ìwé.

Èkó ni àpẹẹrẹ tó dára jù wà nípa bí ìmọ̀ tuntun ṣe ń rìn. Àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil wá, bíríkìlà àti kápíńtà gidi wà nínú wọn. João Baptista da Costa, ọ̀kan lára wọn, ló kọ́ Mọ́sálááṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí Èkó sì fẹ́ kọ́ Mọ́sálááṣí Gbogbogbòò wọn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1908 tí wọ́n sì ṣí ní 1913, da Costa tún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Sanusi Aka, ọmọ Èkó tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ló bá a ṣe é. Ẹni tó gba da Costa síṣẹ́ nígbà àkọ́kọ́ rí mọ́sálááṣí kan gbà. Ìlú Èkó rí mọ́sálááṣí àti bíríkìlà gbà. Irú ilé tí àwọn Àgùdà ń kọ́, òkè-àti-ìsàlẹ̀ tó ní ọnà lójú fèrèsé, tẹ̀ lé ojú irin gòkè wá sí ilẹ̀ Yorùbá, títí dé ọ̀dọ̀ wa.

Níbí ní Ìlọrin, P.W.D. (Public Works Department), ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba amúnisìn, àti iléeṣẹ́ rélùwéè ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí mo bá nídìí iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó pè é ní ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n gbà wọ́n bíi lébìrà, wọ́n ń ru kọnkéré, wọ́n sì ń fi ojú jí iṣẹ́. Lébìrà tí ojú rẹ̀ bá là, fọ́mánì á gbé tírówẹ̀lì lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí bíríkìlà kan kò bá wá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló kọ́ ọ̀gá mi. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí ta lọ̀gá mi, ìdáhùn mi dé ọ̀dọ̀ fọ́mánì P.W.D. kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Àpò símẹ́ńtì tó ṣófo

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1967, wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa, tó ń jẹ́ Kwara lónìí, sílẹ̀, Ìlọrin sì di olú ìlú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Obì wà nílẹ̀, owó díẹ̀ wà, alfa kan sì jókòó bí ẹlẹ́rìí. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n dá. Ọ̀gá ní òun á máa fún mi lóúnjẹ ọ̀sán, òun á sì fún mi ní irinṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá gba fírídọ̀mù, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi bá parí. Bàbá mi ní òun ò ní wá mú mi kúrò láàárín ọdún, àti pé bí mo bá jalè, kí wọ́n dá mi padà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ mi.

Ọdún àkọ́kọ́, omi ni mo ń pọn, yanrìn odò Àsà ni mo ń jọ̀. Ọdún kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù láàárín ògiri, níbi tí àwọn méjì ti ti ọ̀tún àti òsì há mi mọ́. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan igun ilé kó tó pé ọdún mẹ́ta, nítorí igun ló ń darí ògiri. Rírẹ́ ògiri ló kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wúlò fún mi jù nígbà tí èmi náà di agbanisíṣẹ́, àpò símẹ́ńtì tó ṣófo ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi. Kì í jẹ́ kí a ju àpò nù. Lálẹ́, a ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó kà á lójú rẹ̀. Nígbà kan, onílé kan ní Àdéwọlé pè é pé kó wá parí ilé tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹni náà kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Owó rẹ̀ ló rọ̀ jù, onílé sì gbà á. Yàrá méjì ló ti gbé ró; ọ̀gá mi gbé méjì yòókù. Nígbà tí a rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ó ní kí n to àpò yàrá kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn yàrá àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ó pe onílé wá. Kò sọ nǹkan kan. Onílé ka àpò náà fúnra rẹ̀.

Mo ti ṣírò rẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì máa ń ṣe é fún àwọn tó bá fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́. Ẹ mú ògiri kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí bíríkìlà bá fi plọ́ńbù, ìyẹn irin kékeré tó so mọ́ okùn, wò ó bó ṣe ń gbé e, tí ògiri náà dúró ṣánṣán, ìdajì íńṣì ni rírẹ́ rẹ̀ máa gbà. Bí a bá po símẹ́ńtì 1 mọ́ yanrìn 4, nǹkan bí àpò kan ló máa bá ojú ògiri náà lọ. Ẹ wá jẹ́ kí ògiri kan náà fi íńṣì kan péré dẹ̀gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kí ojú rẹ̀ tó lè gún, ìdajì íńṣì ni a ó rẹ́ níbi tó yọ jáde, íńṣì kan àtààbọ̀ níbi tó wọlé. Bí a bá pín in dọ́gba, íńṣì kan ni, àpò símẹ́ńtì sì ti di méjì. Ilé oníyàrá mẹ́rin ní ojú ògiri inú 16. Bí ìdajì wọn bá dẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀, àpò 8 ti lọ sí inú ilé lásán, láìka yanrìn, omi àti owó iṣẹ́. Rírẹ́ tó bá sì nípọn jù kì í dúró pẹ́. Á là, á ṣí, á já bọ́.

Íńṣì kan yẹn ni ọmọ iṣẹ́ ń lo ọdún mẹ́rin láti kọ́. Onílé kò ní rí i lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń sanwó rẹ̀.

Ìgbà tí owó epo dé

Nígbà tí mo gba fírídọ̀mù, Ìlọrin kò ní bíríkìlà tó. Àwọn èèyàn wa tí ìjọba Busia lé kúrò ní Gánà ní ìparí ọdún 1969 ti padà wálé, ará Ìlọrin, ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá sì rówó mú bọ̀ fẹ́ kọ́lé. Wọ́n dá Kwara Poly sílẹ̀ ní 1972, wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ ní 1975. Ní 1976, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, gbogbo abúlé sì ń fẹ́ kíláàsì. Wọ́n ń kọ́ Mọ́sálááṣí Ńlá tuntun tí Ààrẹ Shehu Shagari wá ṣí ní 1981. Ẹni tó bá lè di tírówẹ̀lì mú nígbà náà ń gba iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní 1975. Ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò sórí òkun, símẹ́ńtì ló kún inú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìjọba ológun ti ra nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, nígbà tó jẹ́ pé èbúté Èkó kò lè já ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Símẹ́ńtì dì sínú ọkọ̀. Gbogbo ayé ló fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ra símẹ́ńtì tí èbúté á fi ogún ọdún já, kò sì sí ẹni tó ronú sí bíríkìlà tó máa lò ó.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ní 1971, Decree 47 dá Industrial Training Fund (ITF) sílẹ̀, Jos ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí òfin náà ṣe rí lónìí, iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn lọ́dọọdún, bó bá sì kọ́ wọn níṣẹ́, ó lè gbà tó ìdajì rẹ̀ padà. Òfin Iṣẹ́ ti 1974 sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú: kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀, kó má sì ju ọdún 5 lọ. Iléeṣẹ́ ńlá mọ̀ nípa àwọn òfin yìí. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ mẹ́ta lábẹ́ igi máńgòrò, ọ̀dọ̀ ẹni tí iléeṣẹ́ ńlá ti máa wá bíríkìlà gbà lọ́la, kò gbọ́ nípa wọn rí.

Iléeṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ kíláàsì nígbà náà kọ̀ láti gba ọmọ iṣẹ́ kankan. "Iṣẹ́ yá," ni wọ́n ń sọ. Wọ́n kó lébìrà sí orí ògiri, wọ́n ní wọ́n á mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan mọ̀ ọ́n lóòótọ́, lórí ilé olówó. Irú àwọn wọ̀nyẹn ló di ọ̀gá ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì gba ọmọ tiwọn. Àìmọ̀ náà ní ìdílé: bíríkìlà tí kò mọ 3, 4, 5 kò lè fi han ọmọ rẹ̀.

Àwọn ará Gánà tó wá ṣiṣẹ́ níbí ló dí àlàfo yẹn fún wa fún ìgbà díẹ̀. Arẹ́lé gidi wà nínú wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba ní kí wọ́n máa lọ, wọ́n sì gbé báàgì wọn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo mọ sáìtì tó dúró pẹ̀lú gbogbo símẹ́ńtì rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ wọ́n

SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé tò, dé ní 1986, ilé kíkọ́ rọlẹ̀. Ìjọba dá National Directorate of Employment sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ní 1987, ó ń san owó díẹ̀ fún ọmọ, ó ń san díẹ̀ fún ọ̀gá. Mo gba lára wọn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ètò yẹn ni pé kò kọ́ ilé tuntun kankan. Ọ̀gá tó wà nílẹ̀ ló wá lọ. Ohun tó pa á lára ni pé bí owó bá ti pẹ́ kó tó dé, ọmọ á ti lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà dé. Ọmọ tó bá ń gun ọ̀kadà ń rí owó lójoojúmọ́, ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà ń retí ọdún mẹ́rin. N kò dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi. Ọwọ́ àwa ọ̀gá náà kò mọ́. Mo mọ ọ̀gá tó sọ ọmọ iṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó ń rán an lọ sọ́jà dípò sáìtì. Mo mọ èyí tó fa ọdún mẹ́rin di mẹ́fà nítorí owó fírídọ̀mù, mo sì mọ èyí tó ń fi ẹgba na ọmọ lórí àṣìṣe tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì kọ́ ọ ní àtúnṣe rẹ̀. Bàbá tó bá rí ìyẹn, á fi owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ ra ọ̀kadà fún ọmọ rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni gbogbo èèyàn mọ̀. Bí o bá dé sáìtì tó lówó lórí ní Èkó tàbí ní Abuja, Faransé àti Ègùn lo máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń lẹ táìlì tó sì ń ṣe ọnà àjà. Ní Ìlọrin pẹ̀lú, onílé a máa sọ fún mi pé ará Kùtọnú lòun ń fẹ́. Àwọn èèyàn ń sọ pé wọ́n ní ọwọ́ ju tiwa lọ. Ọwọ́ kan náà ni Ọlọ́run dá fún gbogbo wa. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò bàjẹ́ tó tiwa: ọmọ ń parí ọdún rẹ̀, ìdánwò sì wà tí ìjọba mọ̀ sí lọ́jọ́ tó bá parí. Onílé Nàìjíríà tó ń gba ará Kùtọnú síṣẹ́ ń ra ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá kan ní Kùtọnú ti fi ọdún bíi mélòó kan kọ́ ọ.

"Bó bá mọ̀ ọ́n tán, á lọ"

Ohun tí gbogbo agbaṣẹ́ṣe ń sọ nìyí: mo fi owó kọ́ ọ, bó bá mọ̀ ọ́n tán, á lọ bá ẹni tó fi ọgọ́rùn-ún náírà lé owó mi. Òótọ́ ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ. Bí mo ṣe lọ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi náà nìyẹn.

Àwọn ìlú mìíràn ti rí ìṣòro yìí, wọ́n sì ti yanjú rẹ̀ pẹ̀lú owó. Ní Jámánì, gbogbo iléeṣẹ́ ìkọ́lé ló ń dá owó sí àpò kan, láti inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń dá owó padà fún iléeṣẹ́ tó ń kọ́ ọmọ. Ẹni tí kò kọ́ ẹnì kankan ń san tirẹ̀ náà, nítorí òun náà máa jàǹfààní. Bírítéènì ṣe òfin tó jọ ọ́ ní 1964, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ìkọ́lé nìkan. Owó ITF tiwa lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó wà lábẹ́ igi.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí agbanisíṣẹ́ ń rí gbà kí ọmọ tó lọ. Ọdún kẹta àti ìkẹrin, ọmọ iṣẹ́ ń ṣe iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti bíríkìlà, owó tí à ń san fún un kò sì ju ìdajì lọ. Ó mọ bí mo ṣe ń fẹ́ igun, n kò ní láti dúró tì í. Bí mo bá lọ kírun ọ̀sán, iṣẹ́ ń lọ. Ẹni tí mo gbà ní títì láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ dúró lórí rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ tèmi náà ti lọ síbẹ̀. Ọmọ tó bá sì ti lọ kì í lọ tán. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí mo gbà láàárín ogún ọdún yìí, ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ ló júwe mi fún onílé, nítorí iṣẹ́ náà tóbi ju agbára rẹ̀ lọ tàbí nítorí wọ́n bi í ní ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é nìyí, ẹni tó bá wù lè mú un. Bí mo bá ń kọ ìdíyelé iṣẹ́, mo máa ń kọ owó omi síbẹ̀, kò sí onílé tó tíì bínú sí i rí. Lábẹ́ owó omi, mo ń kọ owó ọmọ iṣẹ́ méjì: owó ọkọ̀, oúnjẹ ọ̀sán, àti ìdajì owó ojúmọ́ bíríkìlà fún ẹni tó bá ti wà ní ọdún kẹta sókè. Àdéhùn wà lákọsílẹ̀, òbí fọwọ́ sí i, ọdún tó máa lò wà níbẹ̀, ohun tó máa mọ̀ kí ọdún kọ̀ọ̀kan tó parí sì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rán an lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ fírídọ̀mù, alfa á ṣàdúrà, n ó sì fún un ní plọ́ńbù, lẹ́fẹ́ẹ̀lì, tírówẹ̀lì àti okùn, kó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì.

Àwọn onílé kan máa ń fa ìlà pupa sí owó ọmọ iṣẹ́ náà, wọ́n á ní kí n yọ ọ́. Mo máa ń yọ ọ́ bí wọ́n bá fẹ́, wọ́n sì máa ń wá ẹlòmíràn tí owó rẹ̀ rọ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá yìí, iṣẹ́ tó mówó wọlé fún mi jù ni wíwó ògiri tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ gbé àti títún un gbé. Onílé kan náà ló ń san ti ìkíní, ti wíwó àti ti àtúngbé, ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ògiri kan ṣoṣo. Owó ọmọ iṣẹ́ tó yọ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀.